Èlùbọ́ Òkú Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

“Gbé e! Gbé pàǹtírí rẹ kúrò níwájú òkú! Mo ní gbé e, Biswick, kí n tó dà á lé ọ lórí!”

Ìyá Tadala ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, láàárín àgbàlá ilé òkú, níwájú gbogbo abúlé Chimphepo. Òkú Sitima káfíńtà wà nínú yàrá, opó rẹ̀ jókòó tì í lórí ẹní, àwọn obìnrin sì ń kọrin arò lọ́wọ́. Bí wọ́n ti gbọ́ ohùn Ìyá Tadala, orin dá.

Kò tíì pẹ́ tí agbẹnusọ abúlé dìde tó ké orúkọ: “Ọ̀gbẹ́ni Biswick Chadza, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọgbàdo, bá wa kẹ́dùn pẹ̀lú àpò èlùbọ́ mẹ́ta!” Àwọn àgbà mi orí. Biswick tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé wọ́n rí òun.

Bí a ti í ṣe é nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kú, ilé kọ̀ọ̀kan á bu èlùbọ́ àgbàdo sínú abọ́, ìyàwó ilé á gbé e rù lọ sílé òkú. Àwọn obìnrin á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agbọ̀n ńlá kan, wọ́n á fi ro nsima, òkèlè àgbàdo, fún àwọn tó wá kẹ́dùn àti fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbẹ́ isà nínú igbó òkú. Nínú agbọ̀n yẹn, ti olówó ò yàtọ̀ sí ti tálákà. Abẹ́ ìdàpọ̀ yẹn gan-an ni Biswick ti ń fi ẹ̀gbin rẹ̀ pa mọ́ láti ọdún púpọ̀ wá. Ó gbà pé ta ni yóò mọ ti ta ni?

Ìyá Tadala mọ̀. Opó ni òun náà, òun sì ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ. Kó tó da àpò sínú agbọ̀n, ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó fimú kàn án.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè máa sọ lórí oúnjẹ. Èlùbọ́ náà ti bu, ó ti dì gbàgì-gbàgì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú egbò. Pàǹtírí tí wọ́n gbá nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ni, ti òun ti epo dúdú tó ń kán láti ara irin, ti òun ti ìgbẹ́ eku. Àgbàdo ìsàlẹ̀ abà tí òjò rin, tí ewúrẹ́ gbóòórùn tó yíjú padà, òun ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Ìdin sì wà nínú rẹ̀, wọ́n sanra, ara wọn ń dán.

“Kí ló dé, Ìyá Tadala?” Biswick rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ ń bínú torí pé wọn ò ké orúkọ tiyín ni?”

“Abọ́ tèmi ò rùn!”

“Abọ́ tiyín, ó tún kù díẹ̀ kó kún. Èmi gbé àpò wá. Ẹni tí ebi ń pa kì í la ẹnu ẹran ọ̀fẹ́ wo eyín rẹ̀.”

“Kò kún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lèmi àti ọmọ mi ti jẹ láàárọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ṣé inú àpò yìí ni ìyàwó rẹ ti ro nsima fún ọ? Malita! Dìde, ìyàwó wa, jẹ́ ká gbọ́. Ṣé inú èyí ni?”

Malita fa gèlè rẹ̀ bo ojú.

Ìyá Tadala bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sókè. “Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti isà dé, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀, oúnjẹ yín rèé! Ó ń rìn! Oúnjẹ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí yín!”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn tu itọ́ sílẹ̀, ó dìde kúrò níbẹ̀.

“Kì í sì í ṣe tòní,” ni Ìyá Tadala wí. “Nígbà tí ìyá Lameki kú, o gbé e wá. Nígbà tí ọmọ olórí abúlé kú, o gbé e wá. Gbogbo ìgbà là ń dà á sínú ihò lẹ́yìn ilé, tí à ń sáré padà lọ bu tiwa sí i, kí ìtìjú má baà bá olókùú. O rò pé a ò mọ̀? Aṣọ là ń fi bò ọ́! Òní ni mo ká a kúrò. Ó ti sú mi. Inú ń rìn mí!”

Ọkùnrin tó bá ní ẹ̀jẹ̀ lára ì bá wólẹ̀ níbẹ̀. Biswick ò wólẹ̀. Ó dìde, ó na ìka, ó sì ti gbàgbé ọ̀wọ̀.

“Ó dáa! Ìwọ obìnrin yìí, àti gbogbo ẹ̀yin olófòfó tó ń wò mí, ẹ gbọ́ ìbúra mi. Èlùbọ́ mi ò ní wọ ilé òkú kankan mọ́ ní Chimphepo. Kí ẹnikẹ́ni yín má sì tẹ ẹnu ọ̀nà mi! Bí òkú bá kú nílé mi, mo lówó tí mo máa fi wá agbẹ́lẹ̀, mo lówó tí mo máa fi wá alásè. Ẹni tí yóò sunkún pàápàá, màá fowó rà á!”

Ó pe àwọn oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó gbà á padà lọ́wọ́ òkú. Ó kó wọn sí ibi tó máa ń kó irú wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn abà, lọ́tọ̀ sí àgbàdo tó dára tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tó ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀: “Èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, èlùbọ́ òkú ni. Bí ìsìnkú bá dé, òun ni kí o gbé. Má fọwọ́ kan ti inú.”

Ìríra gbáà ni! Ajá pàápàá, bó bá bì tán, á wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Biswick bì sínú àwo opó, ó sì dúró kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyá rẹ̀, Ìyá Naphiri, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ìbora ní èjìká, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná.

“Biswick, wọ́n ní o búra.”

“Mo búra, Ìyá.”

“Ta ni yóò wá gbé mi?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ ò kú.”

“Mò ń kú lọ. Ìwọ nìkan ni ojú rẹ wà lára ẹ̀rọ tí o ò rí i. Àwọn obìnrin tí o bú yẹn, ọwọ́ ìyá tiwọn lo bọ́ sí lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ kó wẹ̀ mí. Èjìká ọmọ wọn ni mo fẹ́ kó gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ. N ò fẹ́ kí àlejò gbé mi bí ẹrù ọjà. Lọ bẹ̀ wọ́n, ọmọ mi.”

“Màá ra pósí tó dára fún yín, Ìyá. Èyí tó ní ọwọ́ tó ń dán.”

“Mi ò béèrè pósí. Mo bi ọ́ pé ta ni yóò gbé mi.”

Biswick dìde. Ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà sì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú arúgbó náà, ó ń bá a jẹ, ó ń bá a sùn.

Lameki ló tẹ̀ lé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Lameki ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ẹgbẹ́ Biswick ni, wọ́n jọ da ewúrẹ́ ní kékeré. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ni Lameki wí, “èlùbọ́ rẹ kọ́ ló kọ́kọ́ bu.”

“Kí ló kọ́kọ́ bu?”

“Ọkàn rẹ. Èlùbọ́ kàn gba òórùn ilé tó gbé ni.”

“Lameki, wo táyà kẹ̀kẹ́ tìrẹ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri bí ṣòkòtò alágbe. Ìwọ lò ń wàásù fún mi?”

“Wọ́n lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Ìwọ, níbo lò ń lọ gan-an?”

“Wò ó, mo ti ṣèrìbọmi. Páànù tí wọ́n fi kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín, ta ló rà á? Ṣé orúkọ mi kọ́ ni wọ́n kọ sára ògiri ibẹ̀?”

“Òun ni. Ṣé o wá rò pé páànù yẹn ti bo Ọlọ́run lójú ni?”

Biswick gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó lé e jáde. Lameki gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ onítáyà lílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀.

Òjò dé. Oṣù tí abà gbogbo abúlé ń ṣófo dé, oṣù tí èèyàn ń jẹ máńgòrò láàárọ̀ tó ń jẹ ewé elégédé ní ìrọ̀lẹ́, tí abọ́ èlùbọ́ kan ṣoṣo ń mú kí ìyàwó ilé ronú ẹ̀ẹ̀mejì. Àgbàdo kún abà Biswick dé òrùlé. Ó ń dúró de ìgbà tí ebi yóò mú kí ọjà gbówó lórí sí i.

Nínú oṣù yẹn, láàárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, Ìyá Naphiri kú.

Malita figbe ta. Igbe náà la abúlé já. Lọ́jọ́ mìíràn, kó tó simi, àgbàlá ì bá ti kún. Lọ́jọ́ yìí, àkùkọ nìkan ló dáhùn. Ilẹ̀kùn Biswick ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n pa ìbúra rẹ̀ mọ́ fún un. Ṣebí òun náà ló ní kí wọ́n má tẹ ẹnu ọ̀nà òun?

Biswick wọ bàtà òjò, ó lọ sí ìdíkọ̀ ojú títì. Ó kó àwọn àjèjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù: agbẹ́lẹ̀, alásè, gbogbo wọn. Ó ra pósí ọlọ́wọ́ dídán. Ó fowó ṣe ohun tó ní òun yóò fowó ṣe.

Ẹ wo ohun tí owó rà. Àwọn agbẹ́lẹ̀ wọ igbó òkú, wọn ò béèrè ibi tí ọkọ arúgbó náà sùn sí. Wọ́n gbẹ́ ibi tó rọ̀, ẹ̀bá ọ̀nà omi, ihò náà sì kún bí kànga. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń ta ayò, ẹnì kan ń fi òkú obìnrin tí kò mọ̀ rí ṣe àwàdà. Nínú ilé, Malita nìkan ló jókòó ti òkú. Kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́.

Àwọn alásè dáná, omi hó. Malita jáde wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bá awakọ̀ jà lórí iye tí yóò gbà.

“Bàbá Chifundo, èlùbọ́ wo ni kí n gbé fún wọn?”

Kò tilẹ̀ yíjú sí i. “Ṣé o ò mọ èlùbọ́ òkú ni? Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn!”

Malita dúró. “Tẹnu ilẹ̀kùn? Fún Ìyá?”

“Ṣé òkú kọ́ ló kú ni? Àbí ìgbéyàwó là ń ṣe? Lọ gbé e, jàre, má dà mí láàmú!”

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ahọ́n tó bá mọ ọ̀nà kan fún ọdún púpọ̀, á gba ibẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Malita wò ó, ó gbọnrí, ó lọ gbé e. Àwọn alásè àjèjì náà ò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kàn rò ó.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún un, nítorí òun ni olókùú. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé, ebi ń pa á, òjò ti pa á. Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó jù ú sẹ́nu.

Ó kọ́kọ́ korò. Lẹ́yìn náà òórùn epo irin gun imú rẹ̀. Ó fẹ́ tètè gbé e mì, ohun kan sì fọ́ lábẹ́ eyín rẹ̀, ó tutù, ó yọ̀.

Nínú igbó òkú àti nínú àgbàlá, ariwo ta. Agbẹ́lẹ̀ kan da àwo rẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. “Kí ni eléyìí? Irú ẹ̀dá wo lèyí? Ìyá tó bí i ló kú, ó ń fi ìdin ṣe àlejò!”

“Ẹni tó ń fún àlejò ní èyí, kí ló ń fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wà láàyè?” ni obìnrin kan lára àwọn alásè wí, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. “Ẹ jẹ́ ká lọ. Ilé yìí ń rùn.”

Wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n lọ. Ihò tó kún fómi ni wọ́n fi sílẹ̀.

Biswick sáré dé ẹ̀yìn ilé, ó wólẹ̀ sórí eékún nínú ẹrọ̀fọ̀, ó bì. Ó bì títí kò fi ku nǹkan kan, ó sì tún ń bì. Orí èébì yẹn ló ti rí ara rẹ̀. Ó rí opó Sitima. Ó rí ìyá Lameki. Ó rí ọmọ olórí abúlé tó kéré bẹ́ẹ̀ nínú pósí kékeré, tí òun gbé irú oúnjẹ yìí wá nítorí rẹ̀, tí òun sì tún kọ́là ṣe. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n èyí ju eérú lọ. Ó ti wọ ẹnu.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ orin.

Orin àwọn obìnrin ni, ó ń bọ̀ nínú òjò. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà, abọ́ wà lórí, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo abọ́. Ìyá Tadala ló ṣáájú.

Biswick dìde, ẹrọ̀fọ̀ dé eékún rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń rùn. “Ẹ ti gbọ́, àbí? Ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ta ló ráyè tìrẹ?” ni Ìyá Tadala dáhùn. “Ìyá Naphiri la wá sin. Yẹra lọ́nà fún mi.”

Ó kọjá lára rẹ̀. Ó sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Malita, ó ṣí ewé kúrò. Èlùbọ́ náà funfun, ó kúnná, kò sì pọ̀. Eérún amọ̀ bíntín wà lójú èlùbọ́ náà, bí ti ẹni tó họ ìsàlẹ̀ ìkòkò títí igbá fi ha amọ̀. Malita rí eérún yẹn, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí nínú oṣù yìí. Ó di Ìyá Tadala mú, ó sì bú sẹ́kún.

“Dákẹ́, ìyàwó wa. Bá mi wá omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ ká wẹ ìyá wa.”

Àwọn ọ̀dọ́ dé tẹ̀lé wọn, ọkọ́ ní èjìká, Lameki níwájú. Wọn ò bá Biswick sọ̀rọ̀. Wọ́n gba igbó òkú lọ tààrà, wọ́n dí ihò omi yẹn, wọ́n gbẹ́ òmíràn lókè, níbi gbígbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Biswick gan-an.

Ta ni yóò gbé Ìyá Naphiri? Àwọn ọmọ àwọn tí ọmọ rẹ̀ fún ní ìdin ló gbé e. Wọ́n gbé e jẹ́jẹ́, wọn ò jẹ́ kó gbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, Biswick di apá Lameki mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

“Lameki, ṣí abà mi! Kọ́kọ́rọ́ rèé. Kó gbogbo rẹ̀! Pín in fún wọn lónìí, má ṣẹ́ ọ̀kan kù!”

Lameki fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó wò ó. “O tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Kí ni mo tún ṣe?”

“O fẹ́ rà á ni. O fẹ́ kó àgbàdo jáde kí o lè tún na ẹ̀yìn, kí wọ́n tún ké orúkọ rẹ. Ti abà ń bọ̀, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní kó o gbé nǹkan wá báyìí. Ọwọ́ rẹ dọ̀tí. Kọ́kọ́ gbà ná.”

“Kí n gba kí ni?”

“Biswick, ìwọ fún òkú ní pàǹtírí ilẹ̀. Ọlọ́run ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Kò lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn lọ wá èyí tó bu. Inú lọ́hùn-ún ló wọ̀, Èyí tó dára jù, òun ló gbé jáde, ó fi lélẹ̀ kí wọ́n kàn án mọ́gi nítorí irú wa. Nítorí tìrẹ, Biswick, nígbà tí o ṣì ń rùn. Ìwọ tí o ń pe ara rẹ ní ọlọ́rẹ, o ò tíì gba ọrẹ kan ṣoṣo tó wà.”

Biswick ki kọ́kọ́rọ́ náà padà sápò.

Ìyá Tadala dé pẹ̀lú àwo kan. Nsima ni, ó ń yọ èéfín, ewé elégédé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó nà án sí i.

“Jẹun.”

“Ìyá Tadala, n kò yẹ.”

“Ta ló bi ọ́ bóyá o yẹ? Oúnjẹ ń tutù.”

Ó gbà á. Ó bu òkèlè nínú èlùbọ́ tí opó kan họ láti ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀, ó jẹ ẹ́, omijé ń ṣàn wọ inú àwo. Níbẹ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀ ibojì ìyá rẹ̀, àwo lọ́wọ́, ó gbàdúrà kan tí kò jọ àdúrà tó gbà lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀:

“Jésù Olúwa, wọ́n ti ṣí àpò mi. Ìdin ló wà nínú rẹ̀. N kò ní nǹkan tí mo fẹ́ gbé wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí o fi wẹ̀ mí. Mo gbà ọ́.”

Olúwa sì gba òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, ní ojú ọ̀sán gangan, ó gbé àwọn àpò ẹnu ilẹ̀kùn rù fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ kankan bá a gbé e. Ó gba àárín abúlé kọjá, ìdin ń já bọ́ sí ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá bi í pé kí ló rù, á dáhùn pé, “Ẹ̀bùn mi ni. Mò ń lọ sin ín.” Lẹ́yìn náà ló ṣí abà, ó pín ti inú lọ́hùn-ún fún abúlé, ṣáájú kí ọjà tó wọ́n. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá kú ní Chimphepo báyìí, Malita á bu láti inú lọ́hùn-ún, á gbé abọ́ tí wọn kì í kéde, ẹ ó sì rí ọkọ rẹ̀ nínú igbó òkú, ó bọ́ kóòtù, ó ń gbẹ́lẹ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, o ti ń bínú sí Biswick láti òkè wá. O ti tutọ́ nítorí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tìrẹ.

Aṣọ tó ya lábẹ́ apá, tí o ò lè fi wọ ilé ìgbẹ́, ta lo fún? Ọmọ òrukàn. Wàrà inú agolo tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ta lo gbé e fún? Aláboyún. Iṣu tó ti ń rà ní ìdí, ṣé kì í ṣe òun lo gbé lọ síbi ìkórè, tí o yí ibi tó dára síta kí àlùfáà lè rí i? Arúgbó tó nílò oúnjẹ, o kọ́kọ́ ní kó rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè ya òun àti ìwọ ní fọ́tò. Ṣíọ̀!

Àti Ọlọ́run ńkọ́? O ń fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ jẹ ayé, o ní bí o bá dàgbà tán, wàá fún un. O fẹ́ jẹ ẹran tán kó o tó gbé egungun ka iwájú Ẹni tó fi Ọmọ rẹ̀ fún ọ. O ti ṣe ìrìbọmi, o ń kọrin lẹ́gbẹ́ akọrin, o ti ra páànù tìrẹ. Ẹnu ilẹ̀kùn lo ti bu gbogbo rẹ̀.

Má gbé nǹkan kan wá mọ́. Ìtọrẹ rẹ kò lè gbà ọ́ là, bó ti wù kó dára tó, kí a má tíì wá sọ èyí tó ń rìn. Jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ. Gba Jésù tí a nà sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́, bí a ti na àwo sí ẹni tí kò yẹ. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyá Naphiri náà ní ọ̀la, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn. Òní ni, níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀.

Nítorí wọ́n ti ké orúkọ rẹ. Àwọn èèyàn ti mi orí, o sì ti tún kọ́là rẹ ṣe. Kì í ṣe Ìyá Tadala ló dúró ti àpò rẹ. Ọlọ́run ni, ọwọ́ Rẹ̀ sì ti wà lára okùn.